Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo pé ó lè yan ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn àti ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ń darí àwọn ìjọ ọmọ Yorùbá ní Peckham, ní Walworth, ní Old Kent Road àti káàkiri Lọ́ńdọ̀nù,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú àdúrà lórí wa, ẹ sì kú àìsùn. Ọmọ ìjọ ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní ìlú yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, òru ni mo sì máa ń ṣe é jù. Mo ń kọ lẹ́tà yìí sí yín ní gbangba nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ bí ọkàn wa bá wúwo, kí a tó lọ bá dókítà, kí a tó sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó wa pàápàá. Ohun tí ẹ bá sọ fún wa ní ọjọ́ náà ni a óò ṣe. Inú mi dùn pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ báyìí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí onígbàgbọ́ lọ rí olùtọ́jú ọkàn, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní tẹ́rápíìsì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ẹ rán lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tí òun yóò tú inú òun fún, pé òun lè fi í sílẹ̀ wá ẹlòmíràn bí kò bá bá òun mu, àti bí òun yóò ṣe dá èyí tó bá òun mu mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ lè sọ ọ́ fún un, nítorí pé ẹ̀yin ló máa gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ìyá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Láti oṣù kẹta ni Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀, kò sì ṣí i padà títí di oṣù kẹsàn-án. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé fóònù náà dání, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì ń já, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń sọ pósí kalẹ̀, àwòrán náà dúró gbagidi, ohun tí mo sì ń wò fún bí ìṣẹ́jú méjì ni ẹ̀yìn aṣọ ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà mo lọ síbi iṣẹ́. Mo wẹ̀ fún ìyá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, mo fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ náà sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi aṣọ bò ó. Ìyá ẹlòmíràn ni. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Olùṣọ́-àgùntàn mi gbàdúrà fún mi, ó sì bá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí oṣù ń gorí oṣù tí n kò sì yé sunkún nínú bọ́ọ̀sì, ó ní ọmọ ìjọ wa kan wà tó máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn, pé kí n lọ bá a. Mo lọ. Ó mọ ọkọ mi, ó mọ àwọn ọmọ mi, ẹgbẹ́ obìnrin kan náà la jọ wà. Nígbà kẹta tí a jókòó, mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún un nípa owó ìsìnkú àti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí màmá kan fi dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní kí n má ṣe jẹ́ kí owó ya èmi àti ọmọ ìyá mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun, fún bí ọdún kan gbáko.

N kò sọ èyí láti fi ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Mo gbà pé arábìnrin náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi àti olùṣọ́-àgùntàn mi kò mọ̀ nígbà náà, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Ní ilẹ̀ Bíríténì, òfin kò dáàbò bo orúkọ "counsellor" (agbani-nímọ̀ràn) tàbí "psychotherapist" (olùtọ́jú ọkàn). Ẹnikẹ́ni lè jí ní òwúrọ̀ kí ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ìbáà ṣe pé ó kàwé fún ọdún mẹ́rin tàbí pé ọjọ́ méjì péré ló fi ṣe kọ́ọ̀sì. Orúkọ tí òfin dáàbò bò ni "clinical psychologist" àti "counselling psychologist", àjọ HCPC ló ń mójú tó àwọn wọ̀nyẹn. "Psychiatrist" ní tirẹ̀ jẹ́ dókítà ìṣègùn, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ GMC, àjọ tó ń mójú tó àwọn dókítà. Àwọn tó kù, tí wọ́n pọ̀ jù, a máa ń fi orúkọ wọn sílẹ̀ fúnra wọn lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olùtọ́jú ọkàn bíi BACP àti UKCP, tí àjọ kan tó ń jẹ́ Professional Standards Authority ti yẹ ìwé orúkọ wọn wò. Ìwé orúkọ wọ̀nyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè tẹ orúkọ olùtọ́jú náà, kí ó rí i bóyá ó wà níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ BACP tó ń tọ́jú ènìyàn gbọ́dọ̀ máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú ẹni tó nírìírí nínú iṣẹ́ náà déédéé, kí ẹni náà lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì ṣàṣìṣe, ibì kan wà tí a ti lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Níbo ni èmi ìbá ti fi ẹjọ́ arábìnrin wa sùn? Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ni?

Bí arábìnrin yìí bá tilẹ̀ ní gbogbo ìwé ẹ̀rí tó wà láyé, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò tọ́jú mi. Olùtọ́jú ọkàn tó mọṣẹ́ kì í gba ọ̀rẹ́, ìbátan tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó nínú ìjọ kan náà, nítorí pé ẹni tí ó máa rí ọkọ mi ní ọjọ́ Àìkú kò lè gbọ́ ẹjọ́ ọkọ mi ní ọjọ́ Ajé kí ọkàn rẹ̀ má ṣe fì sí ibì kan. Èmi náà kò sì ní sọ gbogbo rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe rọrùn tó láti tọ́ka sí ẹni tó wà nítòsí, pàápàá nígbà tí owó kò sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é mọ́.

Ìgbà kejì ni mo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé n kò ní rí ìwòsàn mọ́. Ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ ni, orí fóònù la sì ti máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní ìwé ẹ̀rí tó pé, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì pẹ́ dé rí. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CBT ló ń lò, èyí tí Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, tí a fi ń yẹ èrò ọkàn ẹni wò bóyá òótọ́ ni. Ọ̀nà tó dára ni. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí àyà rẹ̀ máa ń já láti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fi bọ́ nínú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ní tèmi, ọ̀dọ́mọbìnrin yìí fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi tí a fa ìlà sí, kí n kọ èrò mi sí apá kan, kí n kọ ẹ̀rí tó gbè é sí apá kejì, kí n kọ ẹ̀rí tó takò ó sí apá kẹta. Ó bi mí pé, "Ṣé ohun kan wà tí ẹ lè ṣe tí ẹ kò ṣe?" Mo dáhùn pé kò sí, pápákọ̀ òfurufú wà ní títì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé náà. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ kò kan ibi tó ń dùn mí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. N kò rò pé mo jẹ̀bi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ìyá mi bí mi, ó rán mi lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì lọ bí ẹni tí kò bí mi. Inú ìlà wo ni mo fẹ́ kọ ìyẹn sí? N kò sọ ọ́ fún un, òun náà kò sì béèrè. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé nǹkan òyìnbó ni, kò sí fún àwa.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi ṣáájú pé mo lè sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn pé, "Ohun tí à ń ṣe yìí kò kan ibi tó ń dùn mí," ó ṣeé ṣe kí ó yí ọ̀nà padà, tàbí kí ó wá ẹlòmíràn fún mi. Àwọn olùtọ́jú ọkàn tó mọṣẹ́ ń fẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Kì í bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí, wọ́n sì tọ́ mi pé a kì í sọ fún ẹni tó ń ṣe wá lóore pé oore rẹ̀ kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ìwà ọmọlúàbí ni mo rò pé mò ń hù tí mo fi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ṣe ń fi ìtọ́jú sílẹ̀, tí a kò dágbére, tí a sì ń bọ̀ wá bá yín pé kò ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2022 ni alábàáṣiṣẹ́ mi yẹn kan náà rọ̀ mí pé kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni kẹta yìí jẹ́ ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Kí a tó pàdé, ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú láìgba owó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe máa ń ṣe. Mo bi í léèrè bóyá ó ti tọ́jú ọmọ Yorùbá rí. Ó ní òun ti tọ́jú ọmọ Áfíríkà, òun kò tíì tọ́jú ọmọ Yorùbá. Ó wá ní, "Apá tó bá ṣe pàtàkì nínú àṣà yín, ṣé ẹ ó kọ́ mi, kí ẹ sì dá mi lẹ́kun bí mo bá ṣì í gbọ́?" Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó. Kò sí ẹni tó ti bẹ̀ mí pé kí n dá òun lẹ́kun rí ní gbogbo ọdún tí mo ti lò ní ìlú yìí.

Nígbà kẹta tí a pàdé, ó béèrè pé bí mo bá wà nílé ní ọjọ́ ìsìnkú náà, kí ni ǹ bá ṣe? Mo sọ fún un: mà á dà yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí i, mà á sọ̀rọ̀ sí ìyá mi létí sàréè. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ níbí, ní èdè yín." Mo ní kò ní yé e. Ó ní kò pọn dandan kó yé òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ pẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò wo aago. Nígbà tí mo dákẹ́, kò tètè fọhùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ yẹn, èwo ló wúwo jù?" Mo ronú. Mo sọ fún un pé "ẹ kú ilé" ni. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí ẹni tó ń ti ìrìn àjò dé máa ń sọ fún ẹni tó bá nílé ni. Ó tún un pè lẹ́yìn mi, kò pè é dáadáa, mo tún un ṣe fún un, ó sì tún un pè. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn fún wákàtí mẹ́fà.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò, tí èmi náà ti rò rí, pé ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ ìlú wa ni yóò bá wa mu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Arábìnrin inú ìjọ wa gbọ́ Yorùbá jù mí lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti ronú sí ọ̀rọ̀ ìbámu yìí pẹ́. Ní ọdún 1979, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Edward Bordin, sọ pé ohun mẹ́ta ló ń so olùtọ́jú àti ẹni tí ó ń tọ́jú pọ̀: ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín wọn, kí ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ, àti kí ohùn wọn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò jọ máa ṣe kí wọ́n lè dé ibẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 295 jọ, èyí tó kan ènìyàn tó lé ní 30,000, wọ́n sì rí i pé bí ìrẹ́pọ̀ náà bá ti lágbára tó ni ìtọ́jú náà ṣe máa ń yọrí sí rere tó, ọ̀nà yòówù kí olùtọ́jú náà máa lò. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni mo tó mọ ohun tó ṣe mí. Pẹ̀lú arábìnrin wa, ìgbẹ́kẹ̀lé ló bàjẹ́. Pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin orí fóònù, ibi tí à ń lọ ni a kò fẹnu kò sí: òun fẹ́ gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi, èmi sì fẹ́ sin ìyá mi tán.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi yín pé ta ni kí òun lọ bá, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ kó yí padà. Ọmọkùnrin ọdún méjìlélógún tí wọ́n bí sí Lewisham, tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí àwọn ọlọ́pàá sì ń dá dúró lójú pópó, lè fẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, kí ó má baà lo wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ láti ṣàlàyé ohun tó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé. Ẹ sọ fún un nípa BAATN, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọkàn tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Áfíríkà àti ọmọ Éṣíà, tí Eugene Ellis dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. A lè wá olùtọ́jú láti inú ìwé orúkọ wọn. Ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́ láti wá tọ́jú ọmọ-ọmọ, tí òtútù àti ìdánìkanwà sì ti mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba, kí ó béèrè olùtọ́jú tó gbọ́ Yorùbá tàbí ògbufọ̀ tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ àṣírí. Kí ó má ṣe jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò máa túmọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà gan-an ló wà nílẹ̀. Obìnrin tí ọkùnrin ti ṣe níṣekúṣe lè sọ pé obìnrin nìkan ni òun fẹ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bi í pé kí ló dé.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́rù jù, pé kí wọ́n má lọ yí ọmọ ìjọ lọ́kàn padà. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, "Mo máa ń gbàdúrà, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń bá mi sọ̀rọ̀. Báwo ni ẹ ṣe máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" Kí ó wá fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, tàbí tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí àìsàn kí ó tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá Ireland mi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó sọ ọ́ fún mi, síbẹ̀ òun ló rán mi létí pé mo ti sọ pé orin máa ń tù mí nínú, tó sì béèrè ìdí tí n kò fi kọrin mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo padà sínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹni náà tún lè béèrè àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú máa ń tì wá láti béèrè. Èló ni? Nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn aládàáni ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta pọ́n-ùn títí dé ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìjókòó kan, tí kì í sábà pé wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dín in kù fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n a ní láti sọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni ti NHS Talking Therapies, ètò ìtọ́jú ọkàn ti NHS. Ní England, àgbàlagbà tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, lè fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé fún un, kìkì pé ó lè dúró pẹ́ kó tó kàn án, kò sì ní rí ẹni púpọ̀ yàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè fún obìnrin tàbí ọkùnrin, ó lè béèrè bóyá ojúkojú ni tàbí orí fóònù, ó sì lè béèrè fún ẹlòmíràn bí kò bá wọ̀.

Ìgbà wo ni yóò mọ̀ pé kò wọ̀? Èyí ṣòro díẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sá láti ọ̀dọ̀ olùtọ́jú kan sí òmíràn. Bí a bá ń wẹ egbò, ó gbọ́dọ̀ ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti kúrò ní yàrá ìyá Ireland náà tí orí ń fọ́ mi, tí ara mi wúwo ju bí mo ṣe wọlé lọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ní ti ọ̀dọ́mọbìnrin orí fóònù, ẹkún kankan kò sí níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ta mí, ṣùgbọ́n mo ti máa ń to ohun tí màá sọ sílẹ̀ kó tó pè, kí ó lè dùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin pé òun ń ṣe ojú ayé fún olùtọ́jú òun, kí ó sọ ọ́ jáde níbẹ̀. Bí olùtọ́jú náà ṣe gba ọ̀rọ̀ yẹn sí ni yóò fi mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun lọ. Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba sùúrù rárá: kí olùtọ́jú máa sọ ìṣòro tirẹ̀ fún un, kí ó máa fẹ́ kí wọ́n pàdé níbòmíràn, kí ó fọwọ́ kàn án lọ́nà tí kò tọ́, kí ó máa yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó dìde ní ọjọ́ náà, kí ó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù kan wà lọ́kàn àwọn ènìyàn wa tí ẹ̀yin náà máa ń gbọ́, pé bí a bá sọ ohun tó ń ṣe wá, wọ́n á wá gbé wa lọ, tàbí kí wọ́n gba ọmọ wa. Ìbẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá. Ní ọdún tó parí sí oṣù kẹta 2023, bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí iye wa, ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ti àwọn aláwọ̀ funfun ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi òfin ìlera ọpọlọ dá dúró ní England. Kí a má ṣe fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ̀ pé olùtọ́jú ọkàn gbọ́dọ̀ sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìgbà tí òun lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde: bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, bí a bá ń ṣe ọmọdé níbi, tàbí bí òfin bá pàṣẹ. Oorun tí kò wá, ẹkún àti ìbínú sí ẹni tó ti kú kò sí lára wọn. Bí olùtọ́jú kan kò bá lè ṣàlàyé èyí yékéyéké, kí ó wá ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ń sọ fún yín pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun, kì í ṣe àsìkò láti máa yan olùtọ́jú nìyẹn. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀, ẹ pe 999 bí ewu náà bá ti dé tán, tàbí 111 kí ẹ tẹ 2, tàbí Samaritans lórí 116 123, tọ̀sán tòru.

Bí ẹ bá ṣì ń rò pé nǹkan òyìnbó ni gbogbo èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì wá kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, ní ilé-ẹ̀kọ́ tó so mọ́ ilé ìwòsàn Maudsley ní Denmark Hill, ibi tí ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham kò ní pẹ́ dé. Nígbà tó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Aro ní ọdún 1954 tí gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú àwọn abúlé tó wà láyìíká ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ìbátan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé dókítà yìí kò ní kí aláìsàn fi èdè rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ohun tó gbà gbọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ní ná ìjọ lówó. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo bá wá bá yín, lẹ́yìn àdúrà, ẹ bá a tẹ orúkọ olùtọ́jú náà wò lórí fóònù kí ó tó lọ. Ẹ má ṣe yan ọmọ ìjọ fún un. Ẹ má ṣe bi í ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e pé kí ni wọ́n sọ; ẹ kàn bi í pé ṣé ó bá a lára mu, kí ẹ sì fún un láyè láti sọ pé rárá. Bí ó bá sọ pé rárá, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ìwà àìmoore láti wá ẹlòmíràn.

Arábìnrin kan wà tí mo mọ̀, tí n kò ní sọ ìjọ tí ó ń lọ. Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ pé kó lọ rí olùtọ́jú ọkàn, ó ti lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun kò tíì lè pe orúkọ tí òun sọ àwọn ọmọ náà níwájú ẹni yẹn, pé òun kò rò pé òun máa lè pè é láéláé. Mo ní kí ó wá ẹlòmíràn. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣé Pásítọ̀ kò ní bínú báyìí?" Ó ní òun yóò kọ́kọ́ wá béèrè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí ni ó máa wá bá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ìjọ kan ní Walworth